Ohun Tó Ń Kán Lábẹ́ Ọkọ̀ Bàbá Wa

Orí ìròyìn tí èmi fúnra mi kọ ni ọ́ìlì náà kán sí.

Mo ti kọ́kọ́ rí àmì dúdú kan lórí símẹ́ǹtì, níbi tí mo máa ń gbé ọkọ̀ sí nínú ọgbà ilé tí mo háyà ní Àkúrẹ́. Kò tóbi ju àkàrà kan lọ. Mo fi bàtà nù ún, ó fà gùn. Mo sọ fún ara mi pé bóyá ọkọ̀ ẹlòmíràn ló ṣe é, àmọ́ kò sí ọkọ̀ ẹlòmíràn tó ń dúró síbẹ̀. Nírọ̀lẹ́, mo wá ìwé ìròyìn kan tí mo ti kà tán, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ́ńjìnì, mo fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ́ìlì ti kán sí ojú ewé kẹta, ó sì ti bo ìlà àkọ́kọ́ ìròyìn tí mo kọ nípa afárá kan tó ti fẹ́ wó.

Aládùúgbò mi, tó ń kọ́ni ní yunifásítì, wá dúró tì mí pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.

"Ẹ̀jẹ̀ ló ń dà yẹn o," ó ní.

"Ọ́ìlì ni."

"Ọ́ìlì ni ẹ̀jẹ̀ ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí bàbá arúgbó yìí lọ sinmi."

Láti ọjọ́ tí mo ti gbé ọkọ̀ náà wọ ọgbà ló ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tirẹ̀ ga, ó ń dán, ó sì máa ń pẹ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ju tèmi lọ. Mi ò sọ ìyẹn fún un.

Bàbá wa ni wọ́n ra ọkọ̀ náà, nígbà tí wọ́n jẹ́ igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú Oǹdó. Ọkọ̀ kékeré ni, ó rẹlẹ̀, oòrùn sì ti fá ọ̀dà orí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kú, ó di ti màmá wa. Èmi ni mo ń wà á, nítorí pé èmi ni mo wà nítòsí. Àbújá ni bọ̀ọ̀dá mi ń gbé.

Ìdí tí a ò fi tíì tà á ni orúnkún. Orúnkún ọ̀tún màmá mi kì í tẹ̀ dáadáa mọ́. Wọn ò lè gun ọkọ̀ tó bá ga. A ti dán an wò nígbà tí bọ̀ọ̀dá mi gbé jíìpù rẹ̀ wálé fún ọdún Kérésì. A gbé àpótí sílẹ̀ fún wọn láti fi ṣe àtẹ̀gùn, òun ń fà wọ́n lápá láti inú, èmi ń tì wọ́n láti ẹ̀yìn, títí wọ́n fi sọ pé, "Ẹ fi mí sílẹ̀. Èmi kì í ṣe àpò ìrẹsì." Bọ́ọ̀sì akérò náà, bákan náà ni. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọkọ̀ bàbá wa, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n á jókòó wọ̀ọ̀, wọ́n á fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, wọ́n á gbé èkejì tẹ̀lé e, wọ́n á ní, "Ó yá, máa lọ."

Ibi tí a máa ń lọ ni Ìta-Ògbólú. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ń gbé, ẹnì kan ṣoṣo tó kù fún wọn nínú ọmọ ìyá wọn. Ọkọ ló gbé ìyá àgbà náà lọ síbẹ̀ láti ìgbà èwe. Ọkọ ti kú, wọn ò kúrò. Etí wọn ti di. Ẹ bá pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n á máa sọ "hẹ̀lóò, hẹ̀lóò" títí á fi sú yín. Ohùn kan ṣoṣo tó ṣì ń wọ etí wọn dáadáa ni ti àbúrò wọn, tó bá fi ẹnu súnmọ́ etí òsì wọn pẹ́kípẹ́kí. Nítorí náà, màá lọ gbé màmá mi ní Oǹdó, a ó gba Àkúrẹ́ kọjá, àwọn méjèèjì á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ní Ìta-Ògbólú, orí kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èkejì, èmi á lọ wo iṣu tí mo lè rà. Tí ọkọ̀ yẹn ò bá sí, kò sí ìrìn àjò yẹn. Tí kò bá sí ìrìn àjò yẹn, wọn ò ní bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láyé yìí. Ohun tí mo ń wò lórí ìwé ìròyìn láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn.

Mẹkáníìkì tí mo máa ń lò ní Àkúrẹ́ ti kó lọ sí Èkó. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n júwe òmíràn fún mi lẹ́yìn òpópónà Arakale. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sú fèé. Ó fi ìka kan ra orí ẹ́ńjìnì, ó gbé ìka náà sókè bí agbẹjọ́rò tó fẹ́ kí adájọ́ rí nǹkan.

"Àǹtí, ẹ wá wò ó."

Mo wò ó. Ọ́ìlì ń dán lórí ẹ́ńjìnì, ó yí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí ká, ó ti ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ sọ̀kalẹ̀, eruku sì ti lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ẹ́ńjìnì yìí ń bì," ó ní. "Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí orí ẹ́ńjìnì pa ti jó. Èyí tó ń kán nísàlẹ̀ yẹn, òkè níbí ló ti ń ṣàn lọ. Ṣé ẹ ò gbọ́ òórùn kankan?"

"Mo gbọ́ ọ. Nígbà tí mo ń bọ̀ láti Oǹdó, ní Ọ̀wẹnà. Ó dà bí òórùn ẹni tó ń dín nǹkan. Mo rò pé àwọn aláàkàrà ẹ̀bá ọ̀nà ni."

"Ebi ló ń pa yín. Ọ́ìlì tó ń jó lórí ẹ́ńjìnì ni."

"Ibo gan-an ló ti ń jáde?"

"Ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí ọ́ìlì. Mi ò rí ibi tó ti ń jáde."

Ó yíjú sí oníbàárà kan tó jókòó sórí táyà. "Àwọn oníròyìn," ó ní, "wọ́n á bi òkú pé ta ló pa á." Oníbàárà náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ó dùn létí. "Àǹtí, a máa tú ẹ́ńjìnì ni. Tí a bá sì tú u, a lè rí nǹkan míì. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, mi ò lè ṣèlérí kankan. Tó bá jẹ́ tèmi ni, àwọn tó ń ra irin ni màá pè."

Mo pe bọ̀ọ̀dá mi láti ibẹ̀.

"Wọ́n ní àwọn fẹ́ tú ẹ́ńjìnì?"

"Ohun tí ẹni tó wò ó sọ nìyẹn."

"Ó tán nìyẹn. A ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti ní ká tú ẹ́ńjìnì, a máa tà á."

"Màámi ńkọ́?"

"Màá ra òmíràn fún wọn."

"Jíìpù?"

"Wọ́n á kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún."

"Bọ̀ọ̀dá mi, wọn kì í kọ́ orúnkún níwèé."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní kí n lọ sí Oǹdó, kí n sọ fún wọn lójúkojú, torí pé èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe iṣẹ́. Mo sọ fún mẹkáníìkì náà pé kó má tíì tú nǹkan kan, pé mo ń bọ̀. Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. "Ẹ ra ọ́ìlì sínú búùtù o," ó ní. "Ẹ máa rọ ọ́ sí i lọ́nà bí ẹni ń rọ ògì fún ọmọ."

Mo rà á. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ò bára mu. Láti ìgbà tí mo ti rí àmì ilẹ̀ yẹn, àràárọ̀ ni mo ń fa irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, tí mo ń nù ún, tí mo ń kì í bọ̀ ọ́ padà, tí mo tún ń fà á yọ. Ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnì ò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò níbi tó wà. Ẹ́ńjìnì tó ń bì, tí gbogbo orí rẹ̀ rin gbingbin, tí nǹkan inú rẹ̀ ò sì dín kù, ẹlẹ́rìí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò bára mu nìyẹn, irú èyí tí olóòtú ìwé ìròyìn wa máa ń tìtorí rẹ̀ dá ìròyìn padà fún mi: lọ bi í lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo dúró ní Ọ̀wẹnà, mo fa irin náà yọ. Ibi tó wà náà ló wà. Mi ò rọ nǹkan kan sí i. Òórùn yẹn tún wá, ó fẹ́ fìrí, ó lọ. Kò sí aláàkàrà kankan nítòsí.

Orí fàráńdà ni mo bá màmá mi ní Oǹdó, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Bí wọ́n ti rí ọkọ̀ ni wọ́n gbé àtẹ sílẹ̀.

"Ṣé a ń lọ lónìí ni? O ò sọ fún mi. Jẹ́ kí n mú ìborùn mi."

"Màámi, ẹ jókòó ná."

Wọ́n wo ojú mi. Olùkọ́ ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n mọ ojú ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí: ọ́ìlì tó ń kán, mẹkáníìkì ẹ̀yìn Arakale, ọ̀rọ̀ bọ̀ọ̀dá mi. Wọn ò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo dé ibi tí a ti fẹ́ ta ọkọ̀, wọ́n fi ọwọ́ pa orúnkún wọn, wọ́n ń wo ojú ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n mi á rò pé mo ti kú," ni wọ́n sọ. Ẹ̀ka èdè Oǹdó ni wọ́n fi sọ ọ́, bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ tí nǹkan bá dùn wọ́n. "Kò sí ẹni tó máa lè sọ fún wọn pé mi ò kú. Wọn ò ní gbọ́."

Wọ́n wojú mi, wọ́n béèrè pé, "Ọ́ìlì tó o ní ó wà lórí ẹ́ńjìnì yẹn, ibo ló wà gan-an?"

"Lókè pátápátá. Ó yí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí ká."

"Ó dúdú?"

"Kò fi bẹ́ẹ̀ dúdú. Eruku ti bò ó."

Wọ́n dìde, wọ́n di ògiri mú wọlé. Nígbà tí wọ́n jáde, ìgò òróró ólífì kan wà lọ́wọ́ wọn, irú èyí tí àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì máa ń gbé lọ sí ìpàdé àdúrà. Ó ti lọ sílẹ̀ ju ìlàjì lọ.

"Ṣé kì í ṣe irú eléyìí?" ni wọ́n béèrè.

Mo wo ìgò náà. Mo wo ojú wọn.

"Màámi, kí lẹ ṣe?"

"Ní ìpàdé àdúrà, wọ́n ní kí olúkúlùkù fi òróró kan ọkọ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń wà, nítorí ọ̀nà ò dára. Àwọn tó kù ń kan táyà, wọ́n ń kan sítíárìn. Mo ní, kí ni táyà mọ̀? Ẹ́ńjìnì ló ń gbé ọmọ mi lọ."

"Ẹ wá dà á sí i lórí."

"Mi ò dà á. Mo wọ́n ọn."

"Màámi."

"Ó ṣàn díẹ̀."

"Ta ló ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún yín?"

"Ta ló ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún bàbá yín tí wọ́n bá ń tún ọkọ̀ ṣe? Ìwọ ń jẹun nínú ilé. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì."

"Ìgbà wo lẹ ti bẹ̀rẹ̀?"

"Gbogbo ìgbà tó o bá ti wá, láti ọdún Àjíǹde." Wọ́n ronú díẹ̀. "Èyí tó kẹ́yìn yẹn, mo ṣe é dáadáa, torí òjò ń rọ̀."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ mú mi, wọ́n sì ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá kí òun bínú tàbí kí òun bá mi rẹ́rìn-ín. Àkàrà Ọ̀wẹnà nìyẹn. Òróró àdúrà ló ń dín lórí irin gbígbóná, tí èmi ń ṣí fèrèsé láti wo aláàkàrà.

Ṣùgbọ́n màmá mi fúnra wọn ló dá mi dúró. "Èyí tó kán sílẹ̀ ńkọ́? O ní ìyẹn dúdú. Òróró tèmi ò dúdú."

Òótọ́ ni. Ẹ̀sùn orí ẹ́ńjìnì ti kúrò nílẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ṣì wà. Wọ́n ní ká lọ bá mẹkáníìkì tó máa ń bá bàbá wa tọ́jú ọkọ̀ náà, ọkùnrin kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀, wọ́n jókòó, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, wọ́n gbé èkejì. Wọ́n gbé ìgò náà lé itan.

Ọkùnrin náà sanra, ó sì fẹ́ràn àtimáa yin ara rẹ̀. Kí a tó kí i tán, ó ti sọ fún wa pé kò sí ẹ́ńjìnì tí òun ò lè bá sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìlú náà. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi àkísà nu orí ẹ́ńjìnì, ó gbé àkísà náà sí imú. Ó tún gbé e sí imú.

"Ọmọ Ọ̀gá," ó pè mí, "ta ló ń dín ẹyin lórí ẹ́ńjìnì yìí?"

"Èmi ni," ni màmá mi sọ láti inú ọkọ̀.

Ó wo ìgò tó wà lórí itan wọn, ó sì jókòó sílẹ̀ lórí jáàkì kan, ó ń rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. "Màmá, bíṣọ́ọ̀bù ò tíì gba òróró tó báyìí."

"Ṣé ó kú sí wa lọ́nà?"

"Kò kú, Màmá."

"Ó dáa. Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ."

Ó fi kẹrosíìnì fọ orí ẹ́ńjìnì náà títí irin fi hàn. Ó ṣíná sí i, ó jẹ́ kó gbóná, ó fi ọwọ́ nu yíká etí gásíkẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. "Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì yìí ò jó," ó ní. "Ẹni tó bá ní ó jó, kó wá bá mi níbí, kí n fi hàn án." Ó wá gbé ọkọ̀ náà sókè, ó wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan là ń rí. Mo gbọ́ tó ń hùn sí ara rẹ̀, mo sì rí i pé màmá mi ti pa ojú dé, ẹnu wọn ń lọ.

"Ọmọ Ọ̀gá, ẹ bẹ̀rẹ̀ wá wò ó."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó tan iná fóònù sí nọ́ọ̀tì ńlá kan nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, èyí tí wọ́n máa ń tú tí wọ́n bá fẹ́ yí ọ́ìlì padà. Ọ́ìlì kan rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó dúdú, kò tóbi ju hóró inú ìbẹ́pẹ kan lọ. A jọ ń wò ó. Ó pẹ́ kó tó já.

"Wáṣà," ó ní. "Òrùka kékeré tó wà láàárín nọ́ọ̀tì yìí àti irin. Ẹni tó yí ọ́ìlì yìí padà kẹ́yìn ló fún nọ́ọ̀tì náà le jù, wáṣà ti pẹlẹbẹ. Ṣé wọ́n fi tuntun sí i fún yín?"

"Mi ò mọ̀."

"Wọn ò fi sí i. Gbogbo ohun tó ń ṣe é nìyẹn."

"Ẹ ò ní tú ẹ́ńjìnì?"

"Kí n tú u wá kí ni?" ó ní, bíi pé mo ní kó tú ilé rẹ̀.

Ó fa ọ́ìlì náà sínú bàsíà tó mọ́, ó fi wáṣà tuntun sí i, ó dá ọ́ìlì padà. Ó ní kí n mú bébà wá. Ìwé ìròyìn tí mo tẹ́ ní Àkúrẹ́ ṣì wà nínú búùtù. Mo wá ojú ewé kan tó mọ́ nínú rẹ̀, mo tẹ́ ẹ. Ó ṣíná sí ọkọ̀, a sì dúró. Aláta kan kọjá, ó béèrè ohun tí gbogbo wa ń wò nílẹ̀. Mẹkáníìkì ní, "A ń ka ìròyìn ni."

Màmá mi yọ orí jáde lójú fèrèsé. "Kí ló wà níbẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, mo wò ó. Eré bọ́ọ̀lù ló wà níbẹ̀, àti àwòrán ọkùnrin kan tó gba ife. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Mo nawọ́ mú un, mo fi ọwọ́ pa á. Ó gbẹ.

"Kò sí nǹkan kan, Màámi."

"Wò ó dáadáa."

"Mo ti wò ó. Ó gbẹ."

Wọ́n gbé orí padà wọlé. Wọ́n tú ìborùn tí wọ́n ti mú bọ̀ láti ilé láìsọ fún mi, wọ́n we é mọ́rí, wọ́n tún ìjókòó wọn ṣe.

Mo pe bọ̀ọ̀dá mi.

"Wáṣà ni."

"Wáṣà kí ni?"

"Wáṣà kan péré. Àti òróró Màámi." Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín débi pé mo gbọ́ tí ẹnì kan ní ọ́fíìsì rẹ̀ ń bi í pé kí ló ṣe é. "Ṣé a ò ní tà á mọ́?" ni mo béèrè.

"Ta ló fẹ́ tà á?" ó ní, pẹ̀lú ohùn ẹni tí kò gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ náà rí.

Ọ̀sán ọjọ́ náà la gba Àkúrẹ́ kọjá. Kò sí òórùn àkàrà kankan ní Ọ̀wẹnà, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣàárò rẹ̀. Ìyá àgbà ti wà lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí a dé Ìta-Ògbólú. Wọ́n ní àràárọ̀ ni àwọn ń gbé e síta, pé àwọn kì í padà wọ ulé títí oòrùn á fi wọ̀, torí pé ẹni tí ò gbọ́ ìró ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa wò ó. Ulé ni wọ́n ń pe ilé. Wọ́n ti pẹ́ ní Ìta-Ògbólú débi pé ẹnu wọn ti di ti ibẹ̀. Màmá mi jókòó sí apá òsì wọn, wọ́n fi ẹnu kan etí náà, wọ́n ń ròyìn. Mo gbọ́ "ọ́ìlì," mo gbọ́ "wáṣà." Mi ò gbọ́ "òróró" rárá.

"Ṣé ara rẹ̀ ti yá?" ni ìyá àgbà béèrè, wọ́n ń nàka sí ọkọ̀.

"Ara rẹ̀ ti yá."

Nígbà tí a fẹ́ padà, màmá mi ṣí àpò wọn. Mo ti mọ ohun tí wọ́n ń wá. Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò ṣòkòtò mi.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kan ẹ́ńjìnì."

"Ta ló dárúkọ ẹ́ńjìnì? Tẹríba."

Mo tẹríba. Òróró náà tutù níwájú orí mi, díẹ̀ sì ṣàn wá sí imú. Ìyá àgbà náà gbé orí wá, màmá mi fi òróró kan tiwọn. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà di ọwọ́ àbúrò wọn mú, wọ́n béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè tí a bá ti ń lọ: ìgbà wo lẹ tún ń bọ̀?

Màmá mi yíjú sí mi. Mo wo abẹ́ ọkọ̀ bàbá wa, níbi tí iyanrìn ti gbẹ tó sì funfun.

"Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀," ni mo sọ.

Màmá mi tẹ̀ síbi etí òsì náà, wọ́n tún un sọ.

"Mo gbọ́," ni ìyá àgbà wí.